Wákàtí Kan Kọ́ Ni Síngápọ̀ sí Kuala Lumpur

Nǹkan bíi kìlómítà 300 ló wà láàárín pápákọ̀ òfurufú Changi ní Síngápọ̀ àti ti Kuala Lumpur ní Màléṣíà. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì, bíi ìṣẹ́jú 45 péré nínú rẹ̀ ni bàálù sì ń lò lófuurufú. Kí àwọn òṣìṣẹ́ inú bàálù tó pín omi kárí, wọ́n ti ń kéde pé ó fẹ́ balẹ̀.

Iye yẹn kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ìrìnàjò náà. Láti ẹnu ọ̀nà ilé dé ibi tí èèyàn ń lọ ló yẹ ká ti ṣírò. Changi kò jìnnà sí àárín ìlú, bíi kìlómítà 20 ni. Àmọ́ Síngápọ̀ ti ya kúrò lára Màléṣíà láti 1965, ilẹ̀ òkèèrè ni èrò náà ń lọ. Ó gbọ́dọ̀ tètè dé, kó já ẹrù rẹ̀ sílẹ̀, kó fi ìwé ìrìnnà han aṣọ́bodè, kí wọ́n sì yẹ ara àti àpò rẹ̀ wò. Bó bá balẹ̀ tán, ó tún di orí ìlà. Èyí tó wá ń dunni jù ni pé bàálù kò tíì gbé e dé Kuala Lumpur. Sepang, ní gúúsù ìlú náà, ni pápákọ̀ tí wọ́n ṣí ní 1998 yìí wà. KLIA Ekspres, ọkọ̀ ojú irin tó yá jù níbẹ̀, ṣì ní láti sáré kìlómítà 57 fún ìṣẹ́jú 28 kó tó dé ibùdókọ̀ KL Sentral nínú ìlú. Bí èèyàn bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, wákàtí mẹ́rin lè ti lọ. Bọ́ọ̀sì tó ń gba Johor Bahru kọjá kì í fi bẹ́ẹ̀ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ibodè kò bá kún.

Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ètò ọkọ̀ ojú irin ayára-bí-àṣá láàárín ìlú méjèèjì kú. Oṣù Kejìlá 2016 ni ìjọba méjèèjì fọwọ́ sí i: kìlómítà 350, ìṣẹ́jú 90. Aṣọ́bodè orílẹ̀-èdè méjèèjì ni ì bá jọ wà ní ibùdókọ̀ kan náà, kí èrò parí ọ̀rọ̀ ìwé ìrìnnà kó tó wọkọ̀. Bó bá sọ̀ kalẹ̀, ìgboro ló kàn. Ṣùgbọ́n Màléṣíà fẹ́ àtúnṣe, ohùn wọn kò ṣọ̀kan, àdéhùn náà sì túká bí 2020 ṣe ń parí. Màléṣíà san owó tó lé ní mílíọ̀nù 102 dọ́là Síngápọ̀ gẹ́gẹ́ bí gbà-má-bínú.

Àwọn kan ní bàálù ti pọ̀ tó. Lóòótọ́, ojú ọ̀nà yìí wà lára èyí tí bàálù ń ná jù lágbàáyé láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Ọ̀pọ̀ èrò yẹn gan-an ni réluwéè ń fẹ́. Ìgbà tí bàálù bá ń gòkè ló ń jẹ epo jù, ọ̀nà tó kúrú báyìí kò sì jẹ́ kó pẹ́ lókè kó tó tún máa bọ̀ nílẹ̀. Ọ̀nà jíjìn la fi mọ bàálù.

Ní 2023, Màléṣíà tún ké sí àwọn iléeṣẹ́ aládàáni pé kí wọ́n mú àbá wá. Kí ìjọba méjèèjì jókòó, kí wọ́n parí ọ̀rọ̀ owó, kí wọ́n sì fún àwọn èèyàn wọn ní ìṣẹ́jú 90 tí wọ́n ṣèlérí.