Ẹ̀bi Kò Sí Lọ́wọ́ Irinṣẹ́

Ìwà kan ti di bárakú fún àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà. Bí wọ́n bá ti kọsẹ̀, irinṣẹ́ ni wọn yóò dá lẹ́bi, wọn yóò sì sáré wá òmíràn. Bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó ń lé eku méjì yóò pòfo.

Ẹ gbé àpẹẹrẹ kan yẹ̀ wò. Akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ní kí Python, èdè kọ̀ǹpútà tí Guido van Rossum gbé jáde ní ọdún 1991, ka iye lẹ́tà inú 'ọkọ̀'. Mẹ́ta ni olùkọ́ mọ̀. Python ní mẹ́rin, nígbà mìíràn mẹ́fà. Ó bínú lọ bá JavaScript. Mẹ́rin tàbí mẹ́fà náà ni ó bá níbẹ̀!

Kí ni ó fà á? Àwọn àmì tí Unicode fún ní nọ́ńbà ni kọ̀ǹpútà ń kà. Àmì ohùn orí 'ọ̀' ní nọ́ńbà tirẹ̀. Àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀ náà sì lè dá dúró. Ìwé ìtọ́sọ́nà Python ṣàlàyé èyí, ó sì fi unicodedata hàn, èyí tí ó ń dá irú àmì bẹ́ẹ̀ mọ̀ yàtọ̀ sí lẹ́tà.

Àwọn kan yóò ní abéèrè kì í ṣìnà. Òótọ́ ni; ṣùgbọ́n ta ni ó mọ ọ̀nà ju ẹni tí ó la ọ̀nà lọ? Kí akẹ́kọ̀ọ́ mú èdè kan, kí ó dúró tì í, kí ó sì ka ìwé rẹ̀ bí àyọkà àkàyé: kí ìbéèrè yé e ná, kí ó tó wá ìdáhùn. Ẹni tí kò kàwé, bí ó ní igba irinṣẹ́, ọwọ́ òfo ni.