Ìbọn Kì Í Ṣe Irinṣẹ́ Oníṣègùn

Àwọn kan a máa wí pé kò yẹ kí a fi ojú lámèyítọ́ wo sinimá tí a fi owó táṣẹ́rẹ́ gbé jáde. Wọ́n ní ta ni í bèèrè ọbẹ̀ ẹlẹ́ran lọ́wọ́ òtòṣì? A kò gbà. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ The Medico of Painted Springs wò. Ilé-iṣẹ́ Columbia ló gbé e jáde ní 1941. Charles Starrett ló ṣe Dókítà Steven Monroe. Ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, nígbà tí ibẹ̀ kò tíì tòrò, ni ibùdó ìtàn rẹ̀. Ìjà àwọn adamàlúù àti àwọn adàgùntàn ló gba ojú agbo. Ìṣègùn di èrò ẹ̀yìn. Ẹ bọ́ oyè dókítà kúrò lọ́rùn Monroe, kí ẹ fi ti ọlọ́pàá rọ́pò rẹ̀: díẹ̀ ni ìtàn náà yóò fi yí padà. Àléébù ìfìwàwẹ̀dá nìyẹn.

Ṣé àìlówó ló fà á? Rárá o. Ẹṣin, ìbọn àti agbo ẹran ló ń náni lówó. Ibùsùn aláìsàn kan, fìtílà kan àti ọpọ́n omi kan, èló ni wọ́n?

Ohun tí wọn ìbá fi ṣe ìtàn kò sì wọ́n. Ní 1837, ìgbóná fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ẹ̀yà Mandan run lẹ́bàá odò Missouri. Susan La Flesche Picotte, ọmọ ẹ̀yà Omaha, gboyè dókítà ní 1889, ó sì padà sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀, àwọn tó lé ní 1,200. Ó bá àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ jà. Ó kọ́ wọn pé kí wọ́n má ṣe jùmọ̀ fi ife kan mumi. Akitiyan rẹ̀ ló mú kí ilé-ìwòsàn dé Walthill ní 1913. Ṣé ìjà kọ́ nìyí?

Wọn yóò ní eré ìdárayá lásán ni. A gbà pé ó dùn ún wò. Ṣùgbọ́n ẹni tó pe ẹ̀dá ìtàn ní dókítà ti jẹ òǹwòran ní gbèsè ìṣègùn. Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìdánwò, bí ìbéèrè ìfìwàwẹ̀dá bá dé, ẹ má ṣe ka ìwà rere ẹ̀dá ìtàn lórí ìka nìkan. Ẹ bèèrè bóyá iṣẹ́ rẹ̀ ń ti ìtàn síwájú. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀wù àyáwọ̀ ni oyè rẹ̀.