Iná tí wọ́n mú lọ ní Gánà ló kó Maersk yọ!

Bí wọ́n bá múná lọ n'Ìgbògbò, kò sẹ́ni tí í dúpẹ́. Èpè ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu èèyàn. Àwọn tó ń tẹ̀wé fún oníbàárà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì á sáré lọ fa okùn jẹnẹrétọ̀, télọ̀ á káwọ́ lérí, ẹni tó ń ta ẹja inú fíríìsà náà á máa wojú ọ̀run. Láti ọdún 2005 ni NEPA ti kógbá sílé, àmọ́ NEPA náà làwọn èèyàn ṣì ń bú títí dòní.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ná! Iná kan wà tí wọ́n mú lọ ní Gánà lọ́dún 2017, tó jẹ́ pé ọ̀kan nínú àwọn iléeṣẹ́ tó tóbi jù lọ láyé ló jàǹfààní ẹ̀.

Maersk lorúkọ iléeṣẹ́ náà, ilẹ̀ Denmark ni olú iléeṣẹ́ wọn wà. Àwọn ló ni àwọn kọ̀ǹténà tí wọ́n kọ Maersk gàdàgbà sí lára, tí tírélà máa ń gbé jáde l'Àpápá. Nígbà yẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo àyè tí wọ́n fi ń kẹ́rù lójú òkun àgbáyé tó wà níkàáwọ́ wọn.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Túsìdeè, June 27, 2017, ni nǹkan yíwọ́. Fáírọ́ọ̀sì burúkú kan tí wọ́n ń pè ní NotPetya ló jáde láti ilẹ̀ Ukraine. Inú ètò ìṣirò owó kan tó ń jẹ́ M.E.Doc ló fara pa mọ́ sí, kọ̀ǹpútà Maersk tí wọ́n fi M.E.Doc sí n'ílùú Odessa ló sì gbà wọlé sí wọn lára. Lọ́dún 2018, ìjọba Amẹ́ríkà àti ti Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn ológun Rọ́ṣíà ló wà nídìí ẹ̀. Kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ojú kọ̀ǹpútà ti ń ṣókùnkùn káàkiri ọ́fíìsì wọn. Ní èbúté Elizabeth, ní New Jersey l'Amẹ́ríkà, géètì ò ṣí mọ́, ni tírélà bá tò lọ súà, àfi bíi t'Àpápá.

Ohun tó wá dun àwọn èèyàn náà jù ni pé wọ́n ní ẹ̀dà nǹkan wọn nípamọ́ o, ìyẹn ohun táwọn oníkọ̀ǹpútà ń pè ní backup. Ẹ̀dà sáfà wọn wà, èyí tó pẹ́ jù ò ju bí ọjọ́ méje lọ. Àmọ́ sáfà kan wà tó dà bíi mẹ́gáàdì tó mú ìwé orúkọ dání lẹ́nu géètì: òun ló mọ òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, òun ló sì mọ ilẹ̀kùn tí kálukú lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣí. Bí mẹ́gáàdì yìí ò bá sí, ẹ̀dà tó kù ò wúlò. Wọ́n ní irú ẹ̀ bí àádọ́jọ (150) káàkiri ayé, gbogbo wọn ló sì ń da ìwé ara wọn kọ. Ìrò wọn ni pé bí ọ̀kan bá kú, àwọn tó kù á jí i dìde. Wọn ò rò ó pé gbogbo wọn lè kú lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ibi tí wọ́n fojú sí, ọ̀nà ò gbabẹ̀.

Ìgbà tí wọ́n wá a títí ni wọ́n ṣàwárí ẹyọ kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù ní ọ́fíìsì wọn ní Gánà. Kí ló yọ ọ́? Kí fáírọ́ọ̀sì náà tó dé, iná ti lọ ládùúgbò yẹn! Sáfà ti kú fin-ín, kò sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, aburú náà ò rí i gbá mú.

Wàhálà ò tíì tán o. Íńtánẹ́ẹ̀tì tó wà níbẹ̀ ò lágbára, ọjọ́ bíi mélòó kan ni ìbá gbà kí wọ́n tó fi ohun tó wà nínú ẹ̀ ránṣẹ́ sí ìlú Maidenhead, ní England, níbi tí wọ́n ti ń tún gbogbo ẹ̀ ṣe. Kí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ wá fọwọ́ ara ẹ̀ gbé e lọ ńkọ́? Kò sẹ́ni tó ní físà ìlú òyìnbó nínú wọn. Ni ẹnì kan bá wọ bàálù láti Gánà wá sí Nàìjíríà níbí, ó fa háádì díráìfù náà lé òṣìṣẹ́ Maersk mìíràn lọ́wọ́ ní pápákọ̀ òfurufú, ìyẹn ló sì gbé e dé Lọ́ńdọ̀nù. Ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n fi tún sáfà 4,000 àti kọ̀ǹpútà 45,000 tò. Iléeṣẹ́ náà fẹnu ara wọn sọ pé àdánù ọ̀hún tó 250 sí 300 mílíọ̀nù dọ́là.

Ẹni bá ní ọ̀rọ̀ òyìnbó nìyẹn, kó rántí October 21, 2020, ọjọ́ tí wọ́n dáná sun ilé ẹjọ́ gíga tó wà ní Igbosere, l'Erékùṣù Èkó, nígbà rògbòdìyàn EndSARS. Fáìlì ẹjọ́ jóná gúúrúgúú. Ẹni tó bá mọ bí ẹjọ́ ilẹ̀ ṣe máa ń pẹ́ tó lágbègbè Ìkòròdú á mọ ohun tó túmọ̀ sí kí ìwé ẹjọ́ ogún ọdún di eérú, kó má sì ní ẹ̀dà kankan níbòmíràn.

Ọ̀rọ̀ yìí kan alájọ tó ń fi kọ̀ǹpútà kékeré kọ orúkọ àwọn oníbàárà ẹ̀ n'Ìgbògbò. Ìbéèrè méjì ni kó bi ara ẹ̀. Àkọ́kọ́: àjọ ọjọ́ mélòó ló lè sọnù kó má dìjà? Bó bá jẹ́ ọjọ́ kan péré, a jẹ́ pé alaalẹ́ ló gbọ́dọ̀ máa ṣe ẹ̀dà. Èkejì: ọjọ́ mélòó ló lè fi ti ṣọ́ọ̀bù pa kó má pàdánù àwọn oníbàárà? Ìyẹn ló máa sọ fún un bóyá ó nílò kọ̀ǹpútà mìíràn tó máa wà ní sẹpẹ́.

Òfin àwọn oníkọ̀ǹpútà ò le: kí nǹkan náà jẹ́ mẹ́ta, kó wà lórí oríṣi ohun ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan sì wà níbòmíràn. Bí ọ̀kan bá wà n'Ìgbògbò, kí ìkejì wà l'Ẹ̀pẹ́, nítorí iná tó jó kọ̀ǹpútà ò ní í dá fúláàṣì tó wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì kan náà sí. Kí ọ̀kan má sì sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì rárá, bíi ti Gánà yẹn. Lẹ́yìn náà, kó máa dán an wò lóṣooṣù bóyá ẹ̀dà náà ṣì ń ṣí. Àìmọye èèyàn ló jẹ́ pé ọjọ́ tí nǹkan bà jẹ́ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀ pé òfìfo ni wọ́n ń tọ́jú.

Àwọn ará Maersk rí NEPA ilẹ̀ Gánà tó ṣe wọ́n lóore láìmọ̀. Ẹni tó bá ń dúró de irú oore bẹ́ẹ̀ n'Ìgbògbò, kó má gbàgbé pé àgbàrá ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní í gbà fún un.