Ẹ Fi Àfiwé Kọ́ Wọn ní Gẹ̀ẹ́sì

Àkọ́sórí ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì gbójú lé: ogún ọ̀rọ̀ lónìí, ogún mìíràn lọ́la. Ìdánwò á parí, àwọn ọmọ á sì gbàgbé gbogbo rẹ̀. Wọn kò yọ̀lẹ; bí wọ́n ṣe to ọ̀rọ̀ náà fún wọn ni kò bójú mu.

Ní 1980, àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, George Lakoff àti Mark Johnson, gbé ìwé Metaphors We Live By jáde. Wọ́n ní àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ kì í ṣe ọ̀ṣọ́ tí akéwì fi ń dárà lásán, òun ni gbogbo èèyàn fi ń ronú. Ẹ wo ọwọ́ tí elédè Gẹ̀ẹ́sì fi mú àkókò. Owó ló kà á sí, nítorí náà ló ṣe ń “spend” rẹ̀, tó ń “save” rẹ̀, tó ń “waste” rẹ̀, tó sì ń “invest” rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti mọ èyí kò ní kọ́ ọ̀rọ̀ mẹ́rin lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ mọ́.

Frank Boers, onímọ̀ èdè ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù, dán an wò lọ́dọ̀ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama tó ń sọ èdè Dutch. Ọ̀rọ̀ ìbínú kan náà ni wọ́n kó fún ìsọ̀rí méjì. Fún ìsọ̀rí kan, wọ́n tò ó ní ìdílé-ìdílé: èyí tó fi ìbínú wé omi tó ń hó nínú ìkòkò, èyí tó fi í wé iná, èyí tó fi onínúfùfù wé ẹranko búburú. Ìsọ̀rí kejì kò rí àfiwé kankan nínú bí wọ́n ṣe to tiwọn. Àwọn tó rí àfiwé ló rántí ọ̀rọ̀ jù. Ní 2000 ni àbájáde náà jáde, nígbà tó sì di 2002, ìwé atúmọ̀ èdè Macmillan fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ya àyè sọ́tọ̀ fún àfiwé lábẹ́ àwọn ọ̀rọ̀ kan.

Yorùbá náà mọ ìbínú mọ́ ooru. Ẹni tí inú bí gidi ti gbaná jẹ nìyẹn, inú rẹ̀ ń ru. Ọmọ tó ń gbọ́ èyí nílé ti mọ ìdajì ohun tó wà nínú “boil” àti “flare up” kí olùkọ́ tó wọ kíláàsì.

Ibi tí èdè méjèèjì ti yà lọ́nà ni iṣẹ́ pọ̀ sí. Owó ni Yorùbá ń ná. Wákàtí, lílò ló ń lò ó. Ibẹ̀ ni “I used three hours on the road” ti wọ Gẹ̀ẹ́sì ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà, níbi tí ará London á ti sọ pé “I spent”. Kí olùkọ́ máa fi gègé pupa fa igi lé e lórí kò tó. Kí ó ṣàlàyé pé owó ni Gẹ̀ẹ́sì ka wákàtí sí, kí ó wá bi àwọn ọmọ léèrè ohun tí èèyàn máa ń fi owó ṣe. Wọn á fúnra wọn dárúkọ ọ̀rọ̀ tó kù.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ tún ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tò. Ẹ kó àwọn tó bá ti inú àfiwé kan náà wá sójú kan, kí ẹ sì kọ́kọ́ bi àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé.