Irọ́ Ni Pé Kọ̀ǹpútà Kò Gbọ́ Yorùbá: Ọ̀rọ̀ Sí Ẹ̀yin Tí Ẹ Ní Wẹ́bùsáìtì

Ẹ bi oníṣẹ́ wẹ́bùsáìtì léèrè ìdí tí ṣọ́ọ̀bù orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ṣe ní Yorùbá fi ń kọ “Add to cart” sójú bọ́tìnnì. Ìdáhùn tó máa ń wá kò yàtọ̀: kọ̀ǹpútà kò gbọ́ Yorùbá; àmì orí ọ̀rọ̀ wa ti pọ̀ jù fún un; Òyìnbó ló ṣe é, èdè Òyìnbó ni yóò máa sọ. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù á mirí, á ní kí wọ́n kúkú dá gbogbo rẹ̀ padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Irọ́ ni ìdáhùn yẹn, ó sì ti pẹ́ tí a ti ń gbé e mì láìjẹ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ ti àmì. Ẹ àti ọ tó ní àmì nísàlẹ̀ ti wà nínú Unicode, ìlànà tí àwọn kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà, láti ọdún 1993. Microsoft ṣe ojú Windows 7 ní Yorùbá. Google Translate gba Yorùbá wọlé ní oṣù Kejìlá ọdún 2013. Láti oṣù Kejì ọdún 2018 ni BBC ti ń gbé ìròyìn jáde ní Yorùbá lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí kọ̀ǹpútà kò bá gbọ́ èdè wa, kí ni a wá ń kà níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí?

Kí ló wá ń gbé “Add to cart” wá? WordPress ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń lò. Gettext ni WordPress fi ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ inú plugin (àfikún tí a ń so mọ́ wẹ́bùsáìtì); ọgbọ́n kan ni, tó ti wà ṣáájú kí Matt Mullenweg àti Mike Little tó bẹ̀rẹ̀ WordPress ní ọdún 2003. Ẹni tó ṣe plugin fi Gẹ̀ẹ́sì kọ gbólóhùn sínú kóòdù. Olùtumọ̀ kọ Yorùbá rẹ̀ sínú fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí .po, wọ́n á sì sọ ìyẹn di .mo, èyí tí ẹ̀rọ ń kà. Ẹ rò ó bí ògbufọ̀ tó jókòó ti ìwé kan, Gẹ̀ẹ́sì lápá òsì, Yorùbá lápá ọ̀tún. Bí apá ọ̀tún bá ṣófo, kò ní dákẹ́, kò sì ní ronú. Apá òsì ni yóò kà jáde. Gẹ̀ẹ́sì tó yọjú sí yín kò ju ìyẹn lọ. Ẹ̀rọ wá Yorùbá, kò rí i, ó sì sọ èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìbéèrè tó yẹ ká máa bi ara wa nìyí: kí ló dé tí kò rí i?

Orúkọ fáìlì ló ń kó àwọn èèyàn wa sí wàhálà jù, ó sì máa ń bí mi nínú, nítorí àṣìṣe olóye ni. Ẹni tó mọ̀ pé fr_FR ni Faransé, pé en_US ni Gẹ̀ẹ́sì Amẹ́ríkà, á fi òye ara rẹ̀ kọ yo_NG fún Yorùbá. Ó bọ́gbọ́n mu, àmọ́ kò ṣiṣẹ́. Lọ́dọ̀ WordPress, yor ni Yorùbá ń jẹ́, kò sí orílẹ̀-èdè kankan lẹ́yìn rẹ̀. Bí plugin ṣọ́ọ̀bù WooCommerce bá wà lórí wẹ́bùsáìtì tí wọ́n ṣètò sí yor, woocommerce-yor.mo ni yóò máa wá; woocommerce-yo_NG.mo lè wà níbẹ̀ di ọdún mẹ́wàá, kò ní bojú wò ó. Orúkọ plugin tó ṣáájú náà gbọ́dọ̀ bá text domain, orúkọ tí plugin fi ń pe ìtúmọ̀ rẹ̀ nínú kóòdù, mu, lẹ́tà kan kò gbọdọ̀ yẹ̀.

Ibi tí ẹ gbé fáìlì sí ńkọ́? Fóldà wp-content/languages/plugins ni ilé rẹ̀. Ẹni tó bá gbé e sínú fóldà plugin fúnra rẹ̀, ọjọ́ tí plugin bá gba ẹ̀dà tuntun ni yóò kẹ́kọ̀ọ́, nítorí gbogbo fóldà náà ni wọ́n máa pààrọ̀, ìtúmọ̀ á sì bá a lọ. Láti WordPress 6.5, tó jáde ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, fáìlì kẹta tún ti dé, èyí tó parí sí .l10n.php. Bó bá ti wà, òun ni WordPress ń kà dípò .mo. Ẹ lè máa tún .mo ṣe títí ilẹ̀ á fi ṣú, bí .l10n.php àtijọ́ bá ṣì jókòó tì í, ohun tó wà lánàá ni ẹ ó máa rí.

Nígbà mìíràn, ẹni tó ṣe plugin á fi àmì ìdánudúró kan kún gbólóhùn rẹ̀. Lójú gettext, gbólóhùn tuntun pátápátá nìyẹn. Ìtúmọ̀ tó ti wà tẹ́lẹ̀ á gba àmì “fuzzy”, kò sì ní wọ inú .mo títí ẹnì kan á fi yẹ̀ ẹ́ wò. Àmì kékeré, bọ́tìnnì padà sí Gẹ̀ẹ́sì, àwọn èèyàn sì ń bú èdè baba wọn.

Àwọn kan ò bú èdè. Polylang tàbí WPML, plugin tó ń mú kí wẹ́bùsáìtì ní ju èdè kan lọ, ni wọ́n ń bú, wọ́n á sì náwó sórí òmíràn. Iṣẹ́ Polylang ni láti mọ èdè tí ojú ewé kan wà, kó sì so ti Yorùbá mọ́ ti Gẹ̀ẹ́sì. Fáìlì .mo tí kò sí níbì kan, kò lè bá yín bí i. Ibi tí irú wọn ti wúlò ni àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ fọwọ́ ara yín tẹ̀ sínú settings: àkọlé fọ́ọ̀mù, ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́, àkòrí í-meèlì tí oníbàárà ń gbà. Inú dátábéèsì nìyẹn wà, gettext kò sì mọ̀ ọ́n rí. Ẹ wá a níbi tí Polylang tàbí WPML ti ń túmọ̀ gbólóhùn. Ọ̀rọ̀ tí JavaScript ń gbé sójú ewé ní fáìlì JSON tirẹ̀ láti WordPress 5.0, ọdún 2018. Ẹ wò ó bóyá ó wà.

Báwo lẹ ṣe máa mọ èyí tó jẹ́? Ẹ pa cache rẹ́ ná, nítorí ojú ewé àná ló lè máa wò yín. Ẹ wá ṣí fáìlì .pot plugin náà, èyí tó kó gbogbo gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì tó ṣeé túmọ̀ jọ, kí ẹ wá gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì yẹn nínú rẹ̀. Bó bá wà níbẹ̀, ó ṣeé túmọ̀, fáìlì yín ni kí ẹ yẹ̀ wò. Bí kò bá sí, ẹ wo dátábéèsì àti theme. Bí kò bá sí níbẹ̀ náà, ẹni tó ṣe plugin ló jẹ̀bi: ó kọ gbólóhùn sínú kóòdù ní gbangba, kò fi __(), àmì tí gettext fi ń dá gbólóhùn mọ̀, wé e. Ẹ kọ̀wé sí i tàbí kí ẹ wá plugin mìíràn. Irú bọ́tìnnì bẹ́ẹ̀ kò ní yí padà fún Faransé, kò ní yí padà fún Jámánì, bẹ́ẹ̀ ni n kò tíì gbọ́ kí ará Jámánì kan sọ pé kọ̀ǹpútà kò gbọ́ èdè òun.

Mo mọ ohun tí ẹ ó fi dá mi lóhùn: ti Jámánì ń wá fúnra rẹ̀, tiwa kì í wá. Kò wá fúnra rẹ̀ o. Èèyàn ló jókòó túmọ̀ ọ́, láìgba kọ́bọ̀. Nígbà tí ìdá 90 nínú 100 gbólóhùn inú plugin kan bá ti ní ìtúmọ̀ tí olùyẹ̀wò fọwọ́ sí, WordPress á dì í pọ̀ sínú fáìlì, á sì máa fi ránṣẹ́ sí wẹ́bùsáìtì tó bá ń lo plugin náà ní èdè yẹn. Òfin kan náà ló wà fún Jámánì àti fún wa.

Ẹ forúkọ sílẹ̀ lórí WordPress.org, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ wọ translate.wordpress.org, ẹ yan Yorùbá, ẹ wá plugin tí ẹ ń lò. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí settings tí ẹ̀yin nìkan ń rí. Orí bọ́tìnnì tí oníbàárà ń tẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.