Ẹ má jẹ́ kí ọmọ yan láàrin pápá àti ìwé

Ọ̀pọ̀ òbí ní Nàìjíríà ló ṣì gbà pé ọmọ tó bá fẹ́ràn eré ìdárayá ti fi ìwé ṣeré. Àwọn míì ẹ̀wẹ̀ ń yọ ọmọ kúrò nílé ẹ̀kọ́ nítorí pé ẹnìkan ṣèlérí láti mú un lọ gbá bọ́ọ̀lù lókè òkun. Ìhà méjèèjì ló kù díẹ̀ káàtó.

Ẹ wo Hakeem Olajuwon. Ilé ẹ̀kọ́ girama ló wà nílùú Èkó nígbà tó kọ́kọ́ fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n. Bọ́ọ̀lù náà ló gbé e dé Yunifásítì Houston ní 1980. Eré sísá ló gbé Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú Òde, dé Yunifásítì Texas ní El Paso, kó tó di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ ní 2022.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé akẹ́kọ̀ọ́ tí máàkì rẹ̀ kò bá kájú òṣùwọ̀n kò ní láǹfààní láti díje fún yunifásítì ní Amẹ́ríkà. Ẹsẹ̀ lè kan ilẹ̀kùn, ìwé ló máa ṣí i. Orúnkún sì lè bàjẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí kì í yarọ.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má fi pàṣán lé ọmọ kúrò lórí pápá. Ẹ̀yin kóòṣì, ẹ béèrè èsì ìdánwò kí ẹ tó fún ọmọ ní jẹ́sì. Kí ìjọba náà má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ́ ṣọ́ọ̀bù sórí pápá ilé ẹ̀kọ́.