Ìyá Àwẹ̀ró nínú pálọ̀ wa

Àwa tí à ń gbé Chestermere níbí mọ̀ pé bí adágún bá ti dì, inú ilé ni tọmọdé tàgbà ń fìdí mọ́. Nígbà òtútù tó kọjá, ìyá mi wá láti Ìbàdàn, wọ́n sì lo oṣù márùn-ún lọ́dọ̀ wa. Lọ́jọ́ kan, wọ́n rí ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, bó ṣe ń fi ìka lá ọbẹ̀ inú abọ́. Wọ́n ní, "Màmá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi abọ́ sílẹ̀ fún wa o, ẹ má gbé òun náà mì." Kí n tó rẹ́rìn-ín tán, ọmọ ti bú sẹ́kún. Ó ní màmá àgbà sọ pé òun ti jẹun jù.

Ìyá mi ò fèsì. Nígbà tó di alẹ́ ni wọ́n wá sọ fún mi pé, "Ọmọ yìí ò mọ ìgbà tí mo bá ń ṣeré." Ọ̀rọ̀ yẹn ká mi lára. Ọmọ gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n sọ, kò sí èyí tó ṣì gbọ́ níbẹ̀. Eré inú ẹ̀ ni kò gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ìyá mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń fẹ́ràn èèyàn láìdá àpárá.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí Láńre Hassan, ẹni tí gbogbo wa mọ̀ sí Ìyá Àwẹ̀ró. Ọjọ́ 3, oṣù kẹwàá, ọdún 1950 ni wọ́n bí i. Ní 1964, kò tíì pé ọmọ ọdún 15 tó fi wọ ẹgbẹ́ Young Concert Party, ẹgbẹ́ Òjó Ládípọ̀ tí wọ́n ń pè ní Bàbá Mẹ́rò. Ẹgbẹ́ yìí ló padà di Àwàdà Kẹ̀rìkẹ̀rì. Nígbà tí Bàbá Mẹ́rò kú ní 1978, Adébáyọ̀ Sàlámì, Ọ̀gá Bello, ló gba ipò aṣáájú. Láti orí ìtàgé, Ìyá Àwẹ̀ró dé orí tẹlifíṣàn, ó sì bá fíìmù àgbéléwò dé ilé oníkálukú.

Ẹ má rò pé ó rọrùn nígbà yẹn o. Alágbe ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pe òṣèré. Òbí wo ló fẹ́ kí ọmọbìnrin òun máa bá wọn wọ ọkọ̀ kiri ìlú? Hubert Ògúndé gan-an, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 1945, kò tètè rí obìnrin tó máa bá a ṣeré.

Iṣẹ́ náà sì gba làákàyè. Nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ eré alárìnkiri, kò sí ìwé tí wọ́n ń há sórí. Ọ̀gá á sọ ìtàn, olúkúlùkù á wá fi ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀ gbé e jáde. Ẹni tí Yorùbá rẹ̀ bá tín-ín-rín, àṣírí á tú lójú agbo. Ohùn kan péré tó bá ṣì, ẹ̀rín ti lọ nìyẹn.

Ẹ wo orúkọ yẹn náà. Oríkì ọmọbìnrin ni Àwẹ̀ró, wíwẹ̀ àti aṣọ ríró ló wà nínú rẹ̀. Bí a ṣe ń fi orúkọ ọmọ pe ìyá ládùúgbò, bẹ́ẹ̀ náà ni òǹwòran ṣe fi orúkọ inú eré pè é, tó fi mọ́ ọn lára.

Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi eré rẹ̀ hàn wọ́n ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé. Lákọ̀ọ́kọ́, ìyá mi á ti rẹ́rìn-ín tán kí ọmọ tó ka èdè Òyìnbó tó wà nísàlẹ̀. Ẹ̀rín tiẹ̀ ń dé lẹ́yìn ọjà. Ni mo bá pa ìwé ìsàlẹ̀ yẹn rẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré la ń wò lẹ́ẹ̀kan. Mo á dá a dúró, mo á ní, "Ṣé inú ń bí i lóòótọ́, àbí ó ń ṣeré?" Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹnu, ojú àti ọwọ́. Nígbà tó yá, ojú ìyá mi ló ń wò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ dá eré wò kí ẹ tó pe ọmọ sí i. Àwàdà mìíràn wà tó ń fi abirùn ṣe yẹ̀yẹ́, òmíràn kún fún èébú. Bí irú ẹ̀ bá yọjú, ẹ sọ ìdí tí ẹ ò fi rẹ́rìn-ín. Ìyẹn náà wà lára ẹ̀kọ́.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí ìyá mi padà sílé, a ti òde dé nínú yìnyín. Wọ́n jókòó sórí àga, wọn ò bọ́ bàtà ńlá ẹsẹ̀ wọn. Ọmọ wò wọ́n títí, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Màmá, ṣé bàtà yìí náà lẹ máa wọ̀ sùn?"

Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi tún ìró wọn ró. Wọ́n na ẹsẹ̀ sí i pé kó bá àwọn bọ́ ọ.